Ẹni Kejì Inú Aago

Nígbà tí Fọláhànmí gba aago nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù ńlá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì tẹnu mọ́: kò gbọdọ̀ bọ́ ọ fún ẹlòmíràn. Aago náà kì í ṣe aago lásán. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wà nínú rẹ̀ sì ń kọ́ ara ẹni tó wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe mọ ọmọ. Bí nǹkan bá yí padà lára olúwarẹ̀, aago á ti ilé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fi tó dókítà létí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá iléèwé ni Fọláhànmí kó tó fẹ̀yìn tì, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òfin. Ó ní òun ti gbọ́, kò ní kúrò lọ́wọ́ òun.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ni pé ìyàwó ilé ni Fọláhànmí, ní agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ìyàwó kì í ti í ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ewú ti gba orí rẹ̀, àwọn ọmọ tó kọ́ níwèé ti di bàbá àgbà, síbẹ̀ ìyàwó ni. Ọmọ ilé tí wọ́n bí lánàá, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Bí ọkọ bá sì ní, "Ìyàwó, kí lo wọ̀ sọ́wọ́ yẹn?", ta ni yóò dáhùn pé kò kàn yín?

Bàbá Àjàní ló kọ́kọ́ bèèrè. Àgbẹ̀ ni, àbúrò ọkọ Fọláhànmí, kì í sì í fẹ́ kí ohun ọ̀fẹ́ kankan ré òun kọjá. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Fọláhànmí bọ́ aago, ó fi wọ̀ ọ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú aago, bàbá wò ó títí, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ara òun le. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Marufat, ìyàwó kékeré ilé náà tó ń ta ike ní Ọjà Akẹ̀sán. Lẹ́yìn Marufat ni àwọn ará ilé kejì, tí wọ́n ní àwọn kàn wá kí wọn ni. Kò pẹ́ tí aago náà fi di ọlọ ojúde: ẹni tó bá ti ní ata ni í wá lò ó.

Ẹ má dá Fọláhànmí lẹ́bi jù. Àwọn tó ṣe aago yìí, ibi tí kálukú ti ń tilẹ̀kùn mọ́rí jẹun ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń rò ó. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọrùn ọwọ́ lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún aago kan.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kì í bá wọn tò. Ṣàngówùnmí lorúkọ rẹ̀, òun ni àgbà jù lọ nínú àwọn ọmọbìnrin ilé náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kẹ́rù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ láti máa tọ́jú ojúbọ Ṣàngó tí wọ́n bá nínú ìdílé, nítorí kò sẹ́lòmíràn tó fẹ́ ṣe é mọ́. Fọláhànmí kò lè ṣaláì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Àìkú, Ṣàngówùnmí kò lè ṣaláì fi obì síwájú òrìṣà rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń jẹ ẹ̀kọ ìrọ̀lẹ́ nínú abọ́ kan náà. Bí Fọláhànmí bá fẹ́ fi ṣeré, á pè é ní ọkọ mi àtàtà. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ bá a jà, ọkọ mi náà ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí gbogbo ènìyàn ti wọlé, Ṣàngówùnmí na ọwọ́ tirẹ̀ náà.

"Ìyàwó, gbé e wá kí n wò ó."

Fọláhànmí fi wọ̀ ọ́. Iná pupa ló tàn. Ó rò pé ṣáájì ló fẹ́ tán, ó bọ́ ọ, ó fi sọ́wọ́ ara rẹ̀, iná di aláwọ̀ ewé. Ó tún fi wọ Ṣàngówùnmí, iná tún pọ́n. Wọ́n wo ara wọn.

"Má sọ fún ẹnì kankan," ni Ṣàngówùnmí wí.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká—"

"Fọláhànmí." Kì í pe orúkọ rẹ̀. "Mo ní o ò gbọdọ̀ sọ."

Fọláhànmí ní òun ti gbọ́. Ìdí tí Ṣàngówùnmí fi ń bẹ̀rù kò pamọ́ fún un. Emmanuel, ọmọ kan ṣoṣo tí Ṣàngówùnmí bí, ń ta páànù àti ìṣó ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá gbé ọ̀dọ̀ òun. Bó bá gbọ́ pé nǹkan ń ṣe é, mọ́tò rẹ̀ á dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣàngówùnmí mọ bí ìgbé ayé ọ̀hún ṣe máa rí: àga tìmùtìmù, wíńdò tí wọ́n tì pa, tẹlifíṣọ̀n níwájú, kò sì ní sí ẹni tí yóò kọjá tí yóò ní ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá ọmọ lọ bẹ́ẹ̀, inú pósí ló bá padà dé.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ṣàngówùnmí ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú àwọn ọmọdé, ó ń gbálẹ̀ iwájú ojúbọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ láìdúró mí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló sì ń gba aago. Kò sọ ìdí rẹ̀, Fọláhànmí náà kò bi í. Ó jọ pé ó ń retí ọjọ́ tí iná náà yóò yí padà fúnra rẹ̀.

Aago, ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé ènìyàn méjì ni. Ó gbà pé obìnrin kan ṣoṣo ni, tí ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó sì ń tàsé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún oògùn, dókítà wò ó, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi oògùn ránṣẹ́ sí Fọláhànmí. Bó ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ló mọ ẹni tó ni oògùn. Ì bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní kì í ṣe òun, wọ́n á bi í pé ta wá ni. Ló bá gbé oògùn ẹlòmíràn mì. Ọ̀gá iléèwé tó ti na ọmọ ọlọ́mọ tìtorí irọ́, òun ló wá ń fi omi gbé irọ́ mì láràárọ̀.

Irọ́ kò bá a lára mu. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí ìjọ ṣe dìde láti ka Ìgbàgbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì yí po mọ́ ọn lójú, ó ṣubú sáàárín ìjókòó. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, pé oògùn tó ń lò ti lágbára jù fún un. Wọ́n dá a dúró níbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ṣe òfin tuntun lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá bá dámọ̀ràn ìwòsàn, tí ìwòsàn náà sì pa aláìsàn lára, ọsibítù gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń ṣọ́ wọn létí, àjọ á sì rán ènìyàn wá wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má baà di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu, kí dókítà náà má sì sá sẹ́yìn ẹ̀rọ. Òfin náà dára. Ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó sọ ìyókù.

Ẹni tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Ayọ̀délé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ́ tónítóní ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àjàní lójúde, ó kí gbogbo ilé kó tó jókòó ti Fọláhànmí lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, ìgbà tó ń lo oògùn. Fọláhànmí ń dáhùn bí ẹni tó wà níwájú ìgbìmọ̀. Kò tíì purọ́ kankan tí Marufat fi yọ láti inú ilé, ó gbé ike lórí, ó sì na ọwọ́ kan síwájú.

"Màmá, ẹ tètè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dọ́jà."

Ayọ̀délé wo ọwọ́ náà, ó wo Fọláhànmí.

"Mà, èèyàn mélòó ló ń lo aago yìí?"

"Ọmọ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ayọ̀délé kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà sí i kó lè rí i. Ìlà ọkàn ló kún ojú rẹ̀, àwọn kan lọ tààrà, àwọn kan ń fò bí ìrẹ̀.

"Ẹ wò ó, mà. Ẹ̀yin nìyí láàárọ̀. Àwọn wọ̀nyí, àlejò ni wọ́n, wọ́n kàn ń yà ni. Àmọ́ ẹnì kan wà tó ń wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Tiẹ̀ ni dókítà rò pé ó jẹ́ tiyín. Ẹni kejì yìí..." Ó dákẹ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò gbọdọ̀ sọ, mà."

"Kí ló dé tí o ò gbọdọ̀ sọ?"

"Òfin ni. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbọ́ lára ẹni tí kò fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó láṣẹ láti lò ó, dókítà gan-an ò láṣẹ. Èmi alára, mo kàn rí i nítorí ìwádìí ni. A máa pa á rẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú yín."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àmọ́ tí ò bá sí òfin yìí, ọjọ́ kan á jọ́kan tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ á máa pàtẹ àìsàn yín fún ẹni tó bá fẹ́ rà á." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí ẹni kejì yìí bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ni, tó ní kí dókítà wò ó, ojú ẹsẹ̀ la máa kó gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ bá mi sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi sọ pé kó yára."

Inú bí Fọláhànmí. Ì bá jẹ́ ìkà ènìyàn ni ọmọ náà, ì bá rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ojú rẹ̀ nígbà tó dákẹ́ yẹn sì ti sọ gbogbo ohun tí òfin ní kó má sọ. Fọláhànmí wá ro ohun kan tí kò fẹ́ rò: bí oògùn ọkàn yẹn bá lè gbé òun tí ọkàn òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣánlẹ̀, báwo wá ni ọkàn náà alára ṣe bà jẹ́ tó?

Ṣàngówùnmí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ti jókòó ti ẹ̀kọ, òun ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ kí n wá."

"Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Wọ́n ní àfi tí ẹ bá fẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó mí. "Òfin wọn mọ àgbà."

"Ọkọ mi, iná yẹn ò dáa."

"Mo rí i. Èmi náà lójú." Ó gé ẹ̀kọ, kò fi sẹ́nu. "Ìyàwó, gbọ́. Èmi ò sá fún ikú. Ta ló máa sá fún un tó máa là?" Ó tún mí. "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Emmanuel ni mò ń sá fún."

Fọláhànmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu. Títí di ọjọ́ Ẹtì kò sinmi. Ó kúnlẹ̀, ó fi ṣeré, ó bínú. Ó ní kí wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án, kí wọ́n dé nírọ̀lẹ́, kí Emmanuel má tilẹ̀ gbọ́. Ṣàngówùnmí ní dókítà wo ni yóò rí irú ọkàn òun tí kò ní bèèrè ọmọ òun. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Ó ní, "Ìyàwó, o ti ṣèlérí," ọ̀rọ̀ sì tán. Ìlérí tí ìyàwó ṣe fún ọmọ ilé kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ṣàngówùnmí sìn ín dé etí títì. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń tún ìró rẹ̀ ró, ó tún dúró, ó tún ń tún un ró. Ìró náà kò tú. Fọláhànmí dúró dè é, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́, kí ojú má baà ti ọkọ rẹ̀.

Ní ọsibítù, Ayọ̀délé ti wà nílẹ̀, òun àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba aago náà. Ayọ̀délé bi í bóyá ó mọ ẹni kejì, ó sì ní kò pọn dandan kó dárúkọ. Fọláhànmí rò ó pé kí òun ní èmi ni, gbogbo rẹ̀ ni mo ni. Ṣùgbọ́n kí ni yóò tìdí rẹ̀ yọ? Wọ́n á tún wá máa wo òun sàn lórí àìsàn ẹlòmíràn, ẹni tó ni àìsàn á sì jókòó sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láìsí ẹni tó wò ó.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n pè é."

Òfin gba bẹ́ẹ̀. Fóònù dún títí kí Ṣàngówùnmí tó gbé e. Fọláhànmí kàn kí i ni, ó gbé fóònù sórí tábìlì. Ayọ̀délé tẹrí síwájú bí ẹni pé màmá náà ń rí i.

"Ẹ kú ilé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń lo aago yìí nírọ̀lẹ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò?"

Èémí ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Nọ́ọ̀sì gbọ́ èémí náà, ó gbójú sókè.

"Aago wo?" ni Ṣàngówùnmí bèèrè. Ó sinmi. "Kì í ṣe èmi. Ẹ kú iṣẹ́."

Fóònù kú. Ayọ̀délé kò wo ẹnikẹ́ni. Ó tẹ ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, ó tún un tẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkàn náà ti ń tàsé parẹ́ níbẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé ẹni kejì kò fìgbà kan wà. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n á dá oògùn màmá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fún un ní aago tuntun tí kò ní gba ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́. Fọláhànmí ní ó ṣeun. Kò tíì dìde.

"Ọmọ mi," ó bi Ayọ̀délé, "òfin yín yìí, ṣé ó dè mí náà?"

Ayọ̀délé rò ó kó tó fèsì. "Rárá, mà. Ẹ̀rọ ló dè, àti àwa tí à ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ fojú ara yín rí, tiyín ni."

Ló bá gba Takie lọ. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Emmanuel, ó rí i láàárín páànù, ó sì kọjá. Ó dé ìsàlẹ̀ ọ̀hún, ó ra omi tí kò mu, ó tún padà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, àìmọye ọmọ ló ti fi kọ́. Bó bá sọ ọ́, kò ní sí ẹ̀kọ ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ilé á gbọ́ pé ìyàwó kan sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé ní kó má sọ. Bí kò bá sì sọ ọ́, ìró yẹn ni yóò máa rí, tí wọ́n ń tún un ró nígbà tí kò tú.

Emmanuel rí i, ó fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà," ni Fọláhànmí dáhùn, ó sì sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mọ́tò Emmanuel dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe mọ̀ pé yóò ṣe. Ṣàngówùnmí kò jà, kò sì sunkún. Ó wọ aṣọ tó dára. Ó fún Bàbá Àjàní ní kọ́kọ́rọ́ ojúbọ, ó sì sọ ohun tí yóò máa ṣe fún un, Bàbá Àjàní tó jẹ́ pé ó pẹ́ tó ti ń sá fún iṣẹ́ náà sì gbà á láìjiyàn. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó yíjú sí Fọláhànmí tó dúró lẹ́bàá ògiri.

"Wọ́n ní kí ẹ̀rọ má sọ̀rọ̀ mi," ó wí, ó mí, "ẹ̀rọ dákẹ́. Ìwọ ni o ò lè dákẹ́."

Ó wọ mọ́tò. Gbogbo ilé ló gbọ́, Marufat sì wo ilẹ̀.

Dókítà ní ọkàn náà ti ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, omi ti ń gun ẹ̀dọ̀fóró, pé bí wọ́n bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ẹkún ni ì bá dà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Wọ́n fún un ní aago tirẹ̀, ó fúnra rẹ̀ tẹ àtàǹpàkò pé òun gbà. Fọláhànmí náà gba tuntun. Bàbá Àjàní dán an wò, aago náà kú sí i lọ́wọ́, kò tàn títí ó fi bọ́ ọ. Ó ní aago ahun ni, kò sì bèèrè rẹ̀ mọ́. Ara Fọláhànmí ti balẹ̀ látìgbà tó ti ń lo oògùn tirẹ̀ nìkan. Nírọ̀lẹ́, ó ń dá jẹun.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Emmanuel ń sọ: wọ́n ń sùn, mà. Wọ́n ń wẹ̀, mà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, kò mọ irọ́ pa. Fọláhànmí á ní ó dáa, á bèèrè ara wọn, Emmanuel á ní wọ́n dára, Fọláhànmí á sì gbé fóònù sílẹ̀ láìgbàgbọ́. Ẹni tó ti tọ́jú aṣírí ọkàn kan tó bẹ́ẹ̀ kì í gba "wọ́n dára" gbọ́.

Ní Àìkú kan, bó ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó pè. Emmanuel gbé e, kò sì tètè fọwọ́ bo fóònù. Ohùn kan dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn? Ìyàwó Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni? Sọ fún un pé mi ò sí nílé, mo ti jáde, mi ò sọ ibi tí mò ń lọ fún ẹnikẹ́ni, kó yéé dà mí láàmú, kó lọ máa pe dókítà tó bá lẹ̀dí àpò pọ̀ títí wọ́n á fi wá sọ mí di èrò orí òkè tí ń wo páànù ilé onílé látàárọ̀ dalẹ́!"

Fọláhànmí dúró sójú ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń dúró de ibi tí ohùn náà yóò ti sinmi. Kò sinmi níbì kankan. Ìbínú gbáà ni, ó sì jáde pẹ̀lú èémí kan ṣoṣo.

"Ẹ má bínú, mà," ni Emmanuel wí, ojú ń tì í. "Wọ́n ní... wọ́n ní àwọn ò sí nílé."

"Mo gbọ́," ni Fọláhànmí wí. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀ láàárín títì, àwọn ará ìjọ sì ń kọjá, wọ́n ń wò ó. "Bá mi kí wọn. Sọ pé màá tún pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá wọ́n á ti dé."